Igi Wílò Ruedi

Vreni, àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ rẹ ní Kánádà. Seraina ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Màlúù dúdú ti bímọ. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń rìn.

Mo lọ sí Zürich bí o ṣe bẹ̀ mí, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sìn mí. Láti orí afárá ni mo ti tọ etí adágún, mo la ọgbà ìgbafẹ́ méjì kọjá, títí mo fi dé ìdí igi wílò tí Ruedi, ọkọ rẹ olóògbé, ti ní kí o fẹ́ òun. Wọ́n ti gé e. Kùkùté ló kù, èéhù sì yí i ká. O mọ ohun tí mo máa ń ṣe sí èéhù nídìí ápù wa. Kí n tó ronú, mo ti fa ọ̀bẹ yọ, mo ti gé gbogbo rẹ̀.

Obìnrin kan pariwo lórí bẹ́ǹṣì: "Ẹ̀yin baba yìí! Èyí tí a ń ṣọ́ kó tún di igi! Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Mo ní àwọn olùtọ́jú ọgbà ni. Irọ́ ni, Vreni. Mo kó èéhù náà sábẹ́ kóòtù, mo sá lọ.

Nígbà tí mo délé, mo kó wọn sínú korobá omi. Ẹyọ kan ti ta gbòǹgbò. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé e padà, màá sì fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó o wá jókòó lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Köbi