Èmi, Bartholomew àti Alágídí

Àìkú, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì
Ilé ti sú mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ́fíìsì wa ní Ògùdù pa, iṣẹ́ mi ò ju kí n ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, kí n ti pálọ̀ padà sí yàrá. Lónìí mo lọ gbá ẹ̀yìn ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n gbá, mo sì rí kẹ̀kẹ́ ológeere kan lábẹ́ páànù — irú èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tó ní jíà, tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Alhaja Labeebah, onílé wa, ní ayálégbé kan ló fi sílẹ̀ nígbà tó kó lọ sí Ìbàdàn, pé ẹni tó bá lè gbé e kúrò lójú àwọn kó máa mú un lọ. Mo mú un. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mi ò tún àga ṣe rí láyé mi, ká má tíì sọ kẹ̀kẹ́.

Ajé, 4
Mo-Ti-Bá-Ẹ-Ṣe-É pè mí láàárọ̀. Orúkọ tí mo fún Bartholomew nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ló máa wà o — ìdána wa ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, Mummy ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti mú un. Iná mi tán: ó ti bá mi rà á. Mo ní mo fẹ́ wáṣẹ́: ó ti bá mi kọ lẹ́tà, ó ti bá mi fi ránṣẹ́, kódà ó ti bá mi kọ ohun tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Mo tún un kọ kí n má baà gbàgbé: ènìyàn dáadáa ni.

Ọjọ́rú, 6
Pẹ́dà ọwọ́ òsì kọ̀, kò fẹ́ tú. Mo fi sípánà mú un, mo dúró lé e, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u. Kò mì. Alágídí lorúkọ kẹ̀kẹ́ yìí láti òní lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo wo fídíò lórí fóònù. Pẹ́dà òsì kì í tú síbi tí gbogbo nọ́ọ̀tì yòókù ń tú sí, òdìkejì ni! Látàná ni mo ti ń fi gbogbo agbára mi dè é mọ́ra. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí Alhaja fi yọjú lójú fèrèsé láti wò ó bóyá orí mi ṣì pé. Mo yí i síbi tó fẹ́. Ó ké, lẹ́yìn náà ó tẹ̀lé mi. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ.

Àbámẹ́ta, 9
Ṣéènì ti dípẹtà, ó ń ké. Mummy ní kí n fi àdí pa á. Wọ́n ní ní Ṣakí, ìlú àwọn, kò sí ohun tí àdí kì í ṣe. Mo fi pa á. Ó dákẹ́.

Ajé, 11
Gbogbo iyanrìn Ìkòsí wa níbí ti lẹ̀ mọ́ àdí. Èèrà náà dé. Ṣéènì wá dà bí àkàrà tó bọ́ sílẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Mummy ní àdí ò jẹ̀bi, èèrà ló jẹ̀bi.

Ọjọ́bọ̀, 14
Bartholomew wá. Ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Ó rẹ́rìn-ín: "Baby, ṣé mechanic ni mo fẹ́ fẹ́ ni?" Mo ní kó wá wo bíréèkì iwájú, bí mo ṣe tò ó. Ó wo aago. Ó ní tá a bá ṣègbéyàwó tán, òun á ra tuntun fún mi. Mo ní tuntun kọ́ ni mo fẹ́. Ó ní kí ló wá dé tí mò ń dá ara mi lóró? Mo gbé sípánà mi, mo padà sídìí bíréèkì. Ó ń bí mi nínú pé ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹtì, 15
Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni èsì ìbéèrè Bartholomew ti dé: ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò bá mi ṣe lọ́dún yìí nìyí.

Ọjọ́rú, 20
Ó ku jíà. Jíà ẹ̀yìn ń fò — tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí kejì, á bọ́ sí kẹrin. Nọ́ọ̀tì kékeré méjì ló wà níbẹ̀. Ká yí i díẹ̀, ká dán an wò, ká tún yí i. Mo ti ń fi etí mọ ìgbà tó bá bọ́ sípò. Díẹ̀ báyìí ló kù. Mo fẹ́ gùn ún dé Alápẹ̀rẹ̀, èmi nìkan. Mummy nìkan ni mo sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, 21
Òjò. Mi ò rí nǹkan kan ṣe.

Ẹtì, 22
Mo ti ọjà Máìlì 12 dé, kò sí kẹ̀kẹ́. Mo ń pariwo olè, Mummy ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀ di ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 23
Bartholomew gbé e dé nínú búùtù ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Gbàgádà ló gbé e lọ. Ọ̀dà pupa. Ṣéènì tuntun, jíà tuntun, pẹ́dà tuntun méjèèjì. "Surprise! Mo ti bá ẹ ṣe é." Mummy ń pàtẹ́wọ́. Alhaja ń ṣàdúrà fún wa lójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo gùn ún yí ilé po lẹ́ẹ̀kan. Kò ní àbùkù kankan.
Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ta ni màá sọ ọ́ fún? Wọ́n á ní aláìmoore ni mí.

Àìkú, 24
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, mo tú u. Ṣéènì, jíà, okùn bíréèkì, gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tò ó padà.
Bartholomew àti Mummy ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá mi níbẹ̀. Mo ṣàlàyé, mi ò pariwo. Mo ní mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo ní ó dùn mí gan-an. Mo ní kó kàn jókòó tì mí, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fetí sílẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó mi orí pé ó ti yé òun. Ó wá fa fóònù yọ, ó pe ará Gbàgádà yẹn: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí Ìkòsí now now. Ìyàwó mi ti tú u." Ó fọwọ́ bo fóònù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀.
Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ má wá mọ́."
Bartholomew ní ṣé kẹ̀kẹ́ nìkan ni mò ń sọ. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.
Mummy ti kanlẹ̀kùn mi léraléra. Wọ́n ní ṣé káwọn bá mi pè é, káwọn bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n má pè é. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ fún un pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan.