Irin Tí Bàbá Rẹ Sè Mu

Mukondeleli ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù etí òkun Cape Town yẹn kò mú ọ jù? Àwa wà, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run tó mú ọ dé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ má ṣe yọwọ́ lára rẹ, kí ọwọ́ rẹ tí ń po oògùn má ṣe gbọ̀n, kí ọ̀gá rẹ fẹ́ràn rẹ, kí ọkọ gidi rí ọ, èyí tí kò ní máa kàwé jù, nítorí ìwọ nìkan ti tó ilé kan.

Òjò rọ̀ dáadáa ní Tshikwarani lọ́dún yìí, máńgòrò ń já lulẹ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an ti ń ṣa èyí tó pọ́n jẹ. Mo fi mashonzha rán onítákísì sí ọ, kòkòrò tó sanra ni, èmi fúnra mi ni mo fi iyọ̀ sí i tí mo sá a. Jọ̀ọ́, jẹ ẹ́ sílé. Má gbé e dé ibi iṣẹ́, kí wọ́n má baà fi í sábẹ́ awò tí ẹ fi ń wo kòkòrò àrùn pé àwọn ń wá ibà lára rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an ni ọ̀rọ̀ irin tí o sọ fún wa nígbà tí o wálé Kérésìmesì. O ní kòkòrò ibà ti gbọ́n sí oògùn kíkorò àtijọ́, pé bó bá ti kàn wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ń tu ú dànù, ẹ̀yin wá fi irin bíńtín kọ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n má baà lè tu ú mọ́. Ó yé mi yékéyéké. Bí òkúta tí à ń so mọ́ ìdí àwọ̀n ẹja ni. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ẹni tó fẹ́ ṣe alágbẹ̀dẹ fi ní láti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì, àmọ́ mo mọ̀ pé irin tiyín kéré, òòlù yín náà á kéré. Mo sì tún fẹ́ bi ọ́ pé ẹni tó bá gbé irin náà mì, ṣé ó lè jáde nígbà tí àrá bá ń sán?

Èyí tí o sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ ń fi wúrà dán tirẹ̀ wò ni kò jẹ́ kí bàbá rẹ sùn. O mọ̀ pé ọkùnrin náà fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa wúrà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Johannesburg, ikọ́ nìkan ló gbé bọ̀ wálé. Ó ní ká ní wọ́n ti sọ fún òun pé wúrà ń wo ibà ni, òun ì bá máa fi ahọ́n lá ògiri kòtò náà lójoojúmọ́ kí òun tó gòkè.

Ó sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ òun ń fi irin ṣe oògùn ibà. Àwọn tó ń fín oògùn ẹ̀fọn sára ògiri dé ẹnu ọ̀nà wa, ó lé wọn padà, ó ní kí wọ́n lọ fín ilé ẹni tí kò bí irú ọmọ tòun. Kò pẹ́ sí i, ibà gbé e dè. Ooru ń mú wa bí ẹni jókòó sínú ààrò, bàbá rẹ wà lábẹ́ gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo ní ká lọ sí kíníkì. Ó ní ṣé mo ti ya wèrè ni, kí ojú ti òun láàárín ìlú, kí ọmọ òun máa ṣe oògùn, kí òun wá máa gbé ti ẹlòmíì mì? Ó ní kí n bá òun se ọkọ́ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, kí òun mu omi rẹ̀ ná títí irin ti Mukondeleli á fi dé. Mo kọ̀. Ó fi ibà dìde, ó sè é fúnra rẹ̀, ó mu ife kan, ó ní òun ti ń wúwo, ó ń ṣiṣẹ́.

Mo pè ọ́ lórí fóònù. Obìnrin tó ń bá ọ gbé ló ń dá mi lóhùn. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi kan ilẹ̀kùn rẹ, pé bàbá rẹ ń kú lọ. Ó ní o kò lè gbé fóònù báyìí, kí n fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó wá ké bí ẹyẹ. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ o, àmọ́ kò níláárí rárá, wá ẹlòmíì bá gbé.

Mo bá sáré lọ bá Nọ́ọ̀sì Ndwammbi ní kíníkì, ó sì tẹ̀ lé mi wálé. Ó gún bàbá rẹ níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, ó ní ibà ni. Ó kó oògùn lé mi lọ́wọ́, ó ní kó fi nǹkan ọlọ́ràá gbé e mì. Bí nọ́ọ̀sì ti jáde, bàbá rẹ di eyín pọ̀. Ọmọ mi, mo purọ́. Mo ní ìwọ lo fi rán nọ́ọ̀sì, pé irin wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà bí ti ọmọ ẹyẹ.

Ara rẹ̀ yá. Ó jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ròyìn irin fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, èmi náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú. Àfi lọ́jọ́ tí Aluwani, ìyàwó ilé tó kángun sí tiwa, gbé ọmọ rẹ̀ Rofhiwa wá. Ọmọ náà gbóná bí ẹ̀yinná, ọrùn rẹ̀ ń yẹ̀. Aluwani ní òun kò tíì gbé e dé kíníkì, òun ń dúró kí Bàbá fún òun lára irin tó kù.  Mo pariwo lójú gbogbo èèyàn pé kò sí irin kankan, pé oògùn kíníkì ni ọkọ mi gbé mì, èmi ni mo purọ́, kí Aluwani dìde kó máa lọ!

Bàbá rẹ wò mí.  Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Aluwani, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀, òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó bọ́ sáàárín títì, ó na apá méjèèjì sí ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì. Awakọ̀ ń bú u, ó sì ń wọ ọkọ̀. Láti kíníkì ni wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ sùn níbẹ̀ tì í. Ọmọ náà ti padà sílé báyìí. Àná ló sọ òkúta lu adìyẹ mi, mi ò bá a wí.

Lọ́jọ́ ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn, mo gbé vhuswa, òkèlè àgbàdo wa, síwájú bàbá rẹ. Ó wá bi mí pé ọmọ ta ló wá ṣe èyí tí òun gbé mì? Mi ò mọ̀. Ó mú ọ̀pá, ó lọ bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ara ewé kan ni àwọn ará Ṣáínà ti rí i. Nígbà tó padà dé, ó ní a jẹ́ pé bàbá kan wà ní Ṣáínà tí ọmọ rẹ̀ gba òun là, tí òun kò sì tíì kí. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí o bá òun wá ibi tí ọkùnrin náà ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá, ẹ ò lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ fi máńgòrò gbígbẹ ránṣẹ́ sí i.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà fún bàbá rẹ, ẹsẹ̀ bàtà kan já lọ́jọ́ tó ń sáré dá ọkọ̀ búrẹ́dì dúró. Má fi í gba inú ògiri tó ń pọ owó ní Thohoyandou o. Ó bi mí ní nọ́ńbà àṣírí lójú èrò, mo ní àṣírí kọ́ là ń sọ níta, mo bá tèmi lọ. Kó o fún onítákísì kó gbé e wá.

Nọ́ọ̀sì ní irin tiyín lè pẹ́ gan-an kó tó dé ẹnu aláìsàn, pé ó tiẹ̀ lè má bọ́ sí i. Má jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́. Bó bá bọ́ sí i lẹ́yìn tí èmi àti bàbá rẹ ti lọ, kò burú. Kí ìyá kan ní ilẹ̀ tí a kò mọ̀ jí láàárọ̀, kó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, kó bá a ní tútù, kó sì bèèrè pé ọmọ ta ló ṣe èyí.

Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tshinakaho