Ẹ̀bẹ̀ Tí A Lọ Bẹ̀ ní Ọ́fíìsì Rẹ

Yába, Oǹdó,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Jùwọ́nlọ ọmọ mi, Àbẹ̀bí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ilé tí o ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ kò jò nínú òjò yìí? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, ọwọ́ rẹ kò ní rọ lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ọ bí a ti ń kí oníṣẹ́ ọwọ́, ni mo bá rí i pé n kò mọ ohun tí a ń sọ. Onídìrí ni, à bá ní ojú gbooro. Ọlọ́jà ni, à bá ní ajé á wọ igbá. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ fún mi ní Oǹdó bí a ti ń kí obìnrin tó ń ṣe bàtà. Mo bi àlùfáà wa, ó ní kí n ṣáà máa kí ọ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé òun náà kò mọ̀ ni.

Gbogbo wa ní ilé ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta. Kòkó ẹ̀yìn ilé ti ń pọ́n, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti mọ̀ ṣáájú wa. Bàbá Reuben, ẹ̀gbọ́n mi, ṣì ń wọ sálúbàtà rọ́bà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tí igi ti wó lu ẹsẹ̀ òsì wọn tó sì wú tí kò lọ sílẹ̀ mọ́. Ó di ọdún kẹsàn-án báyìí tí wọ́n ti ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà wo ilẹ̀.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù tí o fi hàn mí nínú fóònù. Mo dúpẹ́ pé mo ti dé fìlà, nítorí o ní inú fóònù yẹn náà ni àwọn oníbàárà rẹ ń gbà wọlé, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá mi ní orí lásán. Mo dúró díẹ̀ kí n lè kí wọn, n kò rí ẹnì kankan. Ìyá rẹ ní bóyá wọ́n ti lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé kò ju ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì tí o ní o fi sílẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe mẹ́sẹ́ńjà, n kò rí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nídìí iṣẹ́ olówó oṣù rí. Àwọn tó ń sọ kiri pé àwọn làwọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé lẹ́tà tí wọ́n fi lé wọn lọ bá wọn nílé. Nítorí náà, nígbà tí o ní ìwọ fúnra rẹ lo kọ̀wé, mo gbà pé o ti ṣẹ ọ̀gá rẹ ni, ojú sì ń tì ọ́. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, àgbà ló ń bá a bẹ̀bẹ̀. N kò sọ fún ọ. Mo mú Bàbá Reuben, mo mú Màmá Mary, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún rí tó ṣì ń bínú. A di iṣu mẹ́fà, a mú àkùkọ kan, ó di Àkúrẹ́. Láti Oǹdó títí dé Ọ̀wẹnà ni àkùkọ náà ń kọ nínú mọ́tò, tí dẹ́rẹ́bà fi ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ géètì yín, Ràhímù ni orúkọ rẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá kan fún mi pé kí n kọ ohun tí a bá wá. Mo kọ Ẹ̀bẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè aago tí a máa jáde, mo kọ Bí Olúwa bá fẹ́. Ó ní Bàbá, aago ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mo ní ta ló mọ iye aago tí ẹ̀bẹ̀ ń gbà. Ó fún wa ní káàdì mẹ́ta tí a fi kọ́ ọrùn. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀kẹrin nítorí àkùkọ, ó kọ̀, ó ní òun yóò bá wa mú un dání.

Ọ̀gá rẹ, Ìyáàfin Adélaní, kéré ju bí mo ti rò lọ, ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í wo ọjọ́ orí. Mo dọ̀bálẹ̀, Màmá Mary kúnlẹ̀, Bàbá Reuben fi ọwọ́ kan ilẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ wọn. Ìyáàfin ní yéè, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má pa mí, òun náà sì kúnlẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ gbé tíì wọlé, ó rí wa bẹ́ẹ̀, ó gbé tíì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Gbogbo wa wá wà nílẹ̀, kò ku ẹni tí a lè bẹ̀. Mo ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, pé o lágídí, pé o jẹ́ kí iṣu jóná nídìí ìwé kíkà, pé o bá bíṣọ́ọ̀bù jiyàn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Ìyáàfin ní Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wá ṣẹ̀ níbí? Mo ní ohun tí a fẹ́ kí ẹ sọ fún wa gan-an nìyẹn.

Ó mú lẹ́tà rẹ jáde. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá ibi tí wọ́n ti lé ọ, n kò rí i. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi bẹ̀ ọ́ kí o má lọ. Ó wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ní ẹ wo ohun tó gbà á lọ́wọ́ mi. Bàtà aláwọ̀ ewé ni, ojú ibi tí a ti rán an ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú. Bàbá Reuben tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣe bí wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ ni, àṣé bàtà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ṣé ó lè ṣe é fún ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba? Ìyáàfin ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun gùn ju tòsì lọ láti ìbí òun, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i.

Kí a tó lọ, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ó ní títí oṣù yóò fi parí, àyè rẹ ṣófo. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ sí i tí o sì fọwọ́ sí i, kí o máa bọ̀. Inú mi dùn títí a fi dé Ọ̀wẹnà. Lẹ́yìn Ọ̀wẹnà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn. Kí ni mo fi ọwọ́ mi ṣe tí ẹnì kan fi ń rìn lónìí? Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, bó bá ṣẹ ara rẹ̀, ta ni a máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà. Nígbà tí o wà ní ọ́fíìsì, mo mọ̀ pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni ó yẹ kí n pè ọ́ kí n ní ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu. Ní báyìí n kò mọ ọjọ́ tí oṣù rẹ ń parí. Jọ̀wọ́, sọ ọjọ́ tí ikọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Lọ gba àkùkọ wa lọ́wọ́ Ràhímù. A dá káàdì padà, a gbàgbé rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́, wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú lè tì í kó ra bàtà.

Fọ́ọ̀mù náà nìyí nínú lẹ́tà. Má bínú pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ́. Bàbá Reuben wá láàárọ̀ àná, kò sì sí bébà mìíràn nínú ilé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ òsì wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ méjèèjì po. Wọ́n ní kí bàtà náà má fún ọmọ ìka kékeré pọ̀, kó sì dé kí Ìkórè tó dé, nítorí wọ́n ti sọ fún wọ́dà ṣọ́ọ̀ṣì pé iwájú làwọn máa jókòó. Bébà kan ṣoṣo ni, Jùwọ́nlọ. Bí o bá dá fọ́ọ̀mù padà fún ọ̀gá rẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bá a lọ nìyẹn. N kò ní sọ èyí tí o máa ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo kọ nǹkan sí: ibi tí ó ti ń dùn wọ́n.

Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò gbé ire wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Stephen.