Ẹja Tí O Fi Sílẹ̀ Fún Bàbá

Rimouski

Gaétan, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà ní Calgary? Orúnkún Màmá ti ń san. Yìnyín tún já wáyà, iná lọ. Bàbá kó gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n fi bo àpótí gíláàsì ẹja rẹ.

Màmá ní, "Fernand, àwa ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ní kóòtù tí ẹ lè wọ̀."

Àyà mi ò balẹ̀ o. Nítorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi ẹja, Bàbá gbé jẹnẹrétọ̀ wọ yàrá abẹ́ ilé, kí yìnyín má baà bò ó. Èéfín mú Màmá, wọ́n dákú sórí àtẹ̀gùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè dé, mo gbé wọn jáde síta. Mo pariwo èéfín lé Bàbá lórí.

Bàbá ní, "Èéfín wo? Ṣé o ò rí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Yìnyín mìíràn ń bọ̀. Bàbá ní dandan ni kí o bá ẹja rẹ láàyè. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Jọ̀wọ́, tètè wá kó ẹja rẹ, kí o lè bá àwa náà láàyè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Solange