Wọn Ò Bá A Sọ Ẹrù

Sátidé, 1956

Mi ò jẹun. Inú ń bí mi sí Màmá, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kínú bí mi.

Mọ́tò sinimá wá sí pápá Fọlá-Àgòrò nírọ̀lẹ́. Nínú sinimá tí wọ́n fi hàn wá, òyìnbó méjì ń rìn nínú igbó, aláwọ̀ dúdú kan ń bá wọn ru àpótí. Nígbà tí wọ́n jókòó mu tíì, ọkùnrin yẹn ṣì dúró tòun tẹrù lórí. Ni Màmá bá dìde: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní bá a sọ ẹrù ni? Ta ló kọ́ yín nílé?" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ẹ lọ bá a sọ̀ ọ́!" Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, ọkùnrin tó ru ẹrù yẹn nìkan ni mò ń wò. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Wọn ò pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó parí, mo lọ bá ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo sinimá tẹ́ ẹ ní, ṣé dúdú kankan wà tó ń sọ̀rọ̀?"

Ó họrí. "Ọ̀kan wà o. 'Yẹ́ẹ̀sì, sà' ló wí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Mi ò lè sọ fún un pé èmi náà fẹ́ ṣe sinimá. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló tiẹ̀ ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀? Ṣé ó ti gbọ́ bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ rí?

Tó bá jẹ́ "Yẹ́ẹ̀sì, sà" ni, mò ń sọ ọ́ fún tíṣà lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń wá wò mí.