Omi tí Àlàájì mu

Kábà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ó rẹ̀ mí. Obìnrin ará Ìyárà kan bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dá. Nínú ẹbí wọn, ẹ̀jẹ̀ Àlàájì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló bá tirẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ń gbààwẹ̀. Mo rọra ṣàlàyé pé n kò lè fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò jẹ, tí kò mu.

“Dókítà, àlàyé yín ti tó. Ẹ fún mi lómi. Mo lè san ààwẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn. Àbúrò mi ńkọ́?”

Obìnrin náà yè.

Lọ́la, Ọjọ́ Ẹtì Rere, èmi ni màá wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí Kristi tó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà bá ti obìnrin yẹn mu. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Àlàájì tó gbé ife omi sẹ́nu.