Èmi, Ògbufọ̀ Alhaja

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo ti ra ẹ̀rọ géèmù. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú lè tì mí dáadáa. Èmi Jàmíù, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì pé géèmù ni yóò ba ayé wọn jẹ́. Tòkunbọ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀bù Habeeb nítòsí rélùwéè. Mo fi ìwé ìròyìn wé e wálé bí ẹni jí adìyẹ gbé.

Màrdíyyàh ìyàwó mi ní, "Bàbá Safiyat, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ máa gbá ni?" Mo ní rárá o. Tẹlifísàn wa ni kò gbọ́n, kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ yìí ni yóò máa bá a gba fíìmù wọlé. Fíìmù nìkan. Ó wo ikùn mi, ó wo pádì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè, 5

Ilẹ̀ mọ́, ọ̀sán pọ́n, n kò tíì rí fíìmù kankan. Bọ́tìnnì ara pádì yìí pọ̀ ju ti ẹ̀wù sójà lọ. Láti kọ páswọ́ọ̀dù, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń fi igi gígùn ká ata lóko ẹlòmíràn. Mo ṣì í kọ. Mo tún un kọ. Mo tún ṣì í. Mo pe Safiyat ọmọ wa nílé ìwé ní Ìlọrin. Ó ní, "Daddy, lẹ́tà ńlá lẹ fi bẹ̀rẹ̀." Ọmọ tí mo kọ́ ní lẹ́tà ńlá!

Páswọ́ọ̀dù wọlé nírọ̀lẹ́. Iná lọ.

Àtìní, 6

Alhaja, ìyá mi, ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú nílé wọn, tí egungun ìbàdí wọn sán. Orí àga gígùn pálọ̀ ni wọ́n ń wà látàárọ̀, wọ́n ń kojú sí tẹlifísàn bóyá ó ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, a ò gbọdọ̀ já wọn láyà.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo ní kí n dọ́gbọ́n wo fíìmù kan ní tèmi. Ti Kòríà, alápá púpọ̀. Ìyá arúgbó kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń se núdù tà, olówó kan tó ń wọ súùtù fẹ́ gba ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ilé gogoro. Mo rò pé Alhaja ti sùn. Wọ́n ní, "Kí ni ìyá yẹn ń wí?"

Wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Mo ní, "Ó ní òun ò ta ilẹ̀ bàbá òun."

Alhaja tún ara ṣe lórí àga. "Kó má tà á o!"

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Àlàrùbá, 8

Iṣẹ́ ń bẹ. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ń sáré bí ọlọ́kadà tó rí ọlọ́pàá. Kí n tó rí Yorùbá tó bá èyí mu, mẹ́ta ti kọjá. Nítorí náà mo ń dí àlàfo rẹ̀ – díẹ̀díẹ̀. Alhaja ti fún gbogbo wọn lórúkọ: ìyá náà ni Ìyá Oníndomí, olówó ni Onísúùtù, ìyàwó ọmọ ìyá ni Ẹlẹ́nu Ṣíṣí.

Lónìí mo jẹ́ kí Ìyá Oníndomí sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò sí iṣẹ́ tó níyì bí iṣẹ́ tíṣà. Màrdíyyàh yọjú láti ìdáná. "Ṣé ohun tó wí nìyẹn? Ọbẹ̀ ló ń tọ́ wò." Mo ní kó lọ wo tirẹ̀ lórí iná.

Jímọ̀, 10

Bàbá Ìjàgbó pè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àbúrò Alhaja ni wọ́n, Alhaji Sàláwù, àgbẹ̀, àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Alhaja ròyìn fíìmù fún wọn látòkè délẹ̀. Èyí tí mo fi kún un gan-an ni wọ́n rò jù. Mo gbọ́ tí Bàbá Ìjàgbó ń kígbe nínú fóònù pé, "Ẹ sọ fún ìyá yẹn kó má fọwọ́ síwèé kankan o!" Wọ́n ní táwọn bá ti kó àgbàdo tán, àwọn ń bọ̀ wá wò ó fúnra wọn.

Sátidé, 11

Ẹ̀rọ dédé dúró, ó kọ ọ́ sójú tẹlifísàn: ṣé ẹ ṣì ń wò ó? Alhaja ní ta ló ń béèrè. Mo ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé a wà ńbẹ̀. Kí ló ń kánjú sí?"

Àtàlátà, 14

Bàbá Ìjàgbó kú láàárọ̀ yìí.

Wọ́n kírun Súbúhì tán, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Ó parí. Kó tó di ọ̀sán a ti sin wọ́n. Mo bá wọn bu yẹ̀pẹ̀. Mo ti sọ fún Alhaja pé ìpàdé àwọn tíṣà ni mò ń lọ.

Gómìnà – ẹ̀gbọ́n mi Abdulganiyu, ẹni tó ń ti Ìlọrin pàṣẹ fún gbogbo ẹbí – ló dúró létí sàárè tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún Alhaja títí ara wọn yóò fi le. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà nítòsí wọn jù, Jàmíù. Ṣọ́ ẹnu rẹ." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo délé, mo fọ ẹsẹ̀. Alhaja ní, "Ìpàdé yẹn mà pẹ́. Ó yá, tan Oníndomí."

Mo tàn án. N kò mọ ohun tí mo túmọ̀.

Jímọ̀, 17

Mo rò pé mo mọ irọ́ í pa. Tíṣà ni mí, irọ́ làwọn ọmọ ń kó wá bá mi lójoojúmọ́. Alhaja gbé fóònù sórí itan láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní, "Sàláwù ò pè." Mo ní wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kàdúná, fóònù wọn já sómi. Màrdíyyàh ń gbé tíì bọ̀ láti ìdáná, kò gbọ́ tèmi. Ó ní, "Alhaja, ibà ló dá Bàbá Ìjàgbó dúbúlẹ̀, ohùn wọn ò jáde."

Irọ́ méjì pàdé ní pálọ̀, wọn ò mọ ara wọn. Mo ní ibà náà mú wọn ní Kàdúná ni. Màrdíyyàh ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú omi. Nínú omi kẹ̀!

Alhaja wo èmi, wọ́n wo Màrdíyyàh. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á fún un lálàáfíà." Wọ́n gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ibi tí mo ti ń tijú ni pé mo wá sínú yàrá wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dúró ní ẹ̀rín.

Àtìní, 20

Wàhálà ti dé. Ìyá Oníndomí ń wúkọ́.

Ẹni tó bá ti wo fíìmù rí mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í wúkọ́ lásán níbẹ̀. Mo dìde láàárọ̀ kí Alhaja tó jí, mo pa ohùn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, mo wo iwájú. Òótọ́ ni. Ó kú ní apá kẹtàlá. Òkú gidi, pẹ̀lú ìsìnkú gbọọrọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú pádì lọ́wọ́, mo ń bínú sí àwọn ará Kòríà. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù yẹn! Kí wọ́n pa Onísúùtù ńkọ́?

Mo dábàá pé ká yí fíìmù padà. Alhaja ní láéláé, àwọn ò ní fi Ìyá Oníndomí sílẹ̀ lórí àìsàn.

Àtàlátà, 21

Kí n kọ èyí kí n tó gbàgbé bí mo ṣe ya òmùgọ̀ tó.

Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún Bàbá Ìjàgbó lónìí. Gómìnà ti ibẹ̀ bọ́ sílé wa, aṣọ funfun láti òkè délẹ̀. Alhaja ní aṣọ funfun lọ́jọ́ Àtàlátà? Wọ́n ní ìpàdé ọ́fíìsì ni. Màrdíyyàh gbé iyán wá, Gómìnà ò fọwọ́ kàn án. Gómìnà! Ẹni tí kì í béèrè pé ta ló gún un.

Alhaja ní kí n tan fíìmù kí Ganiyu náà gbádùn. Mo ní dátà ti tán. Gómìnà, ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀, ní kí n lo tàwọn.

Bí a ṣe bá apá kẹtàlá pàdé nìyẹn. Fọ́tò Ìyá Oníndomí wà níwájú, òdòdó funfun yí i ká, gbogbo wọn wọ dúdú, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Alhaja ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ẹnu mi ti là kí ọgbọ́n tó dé. Mo ní, "Oyè ni, Alhaja. Wọ́n fi Ìyá Oníndomí jẹ Ìyálọ́jà."

"Oyè ni wọ́n ń sunkún sí?"

"Ẹkún ayọ̀ ni."

"Fọ́tò rẹ̀ ló wá ń joyè? Òun alára ńkọ́?"

Mo ní ó rìnrìn àjò. Mo ní – Ọlọ́run má bínú – wọ́n máa bá a gbé oyè náà dé ibi tó wà.

Gómìnà fò dìde, wọ́n sáré jáde sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n kojú sí ògiri, wọ́n fi apá aṣọ funfun bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Láti kékeré, n kò rí i kí ẹ̀gbọ́n mi sunkún rí. Mo dúró tì wọ́n.

Àlàrùbá, 22

Alhaja ò béèrè fíìmù lónìí.

Àlàmísì, 23

Lónìí náà. Wọ́n ń tẹ tẹ̀sùbáà wọn. Mo ní ṣé kí n tan nǹkan, wọ́n ní kí n jẹ́ kí tẹlifísàn sinmi.

Jímọ̀, 24

Mo ti mọ́ṣáláṣí dé. Fóònù ò sí lórí itan wọn. Wọ́n ní, "Jàmíù, jókòó." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìtàn tí ò ń sọ fún mi yẹn, ó dùn. Bóyá ló dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n etí ni mo yá ọ, n kò yá ọ lójú. Ẹni tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú, tí gbogbo ilé wọ dúdú sí, kò joyè."

Mo ní, "Alhaja, ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lẹ sin Sàláwù?"

Alhaja ní kò sí Jímọ̀ tí àbúrò àwọn ò pe àwọn láti ìgbà tó ti ra fóònù. Bí fóònù rẹ̀ bá já sómi, á yá ti aládùúgbò. Wọ́n ní láti Jímọ̀ tó kọjá ni ọkàn àwọn ti ń sọ ọ́, aṣọ funfun Ganiyu ló wá fi èdìdì dì í. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò béèrè. Wọ́n ní, "Mo rí i bẹ́ ẹ ṣe ń làágùn. Mo ní kí n má fi ojú yín gbolẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ – Súbúhì, ògiri, yẹ̀pẹ̀. Wọ́n béèrè ta ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n béèrè ṣé ó jẹun alẹ́ ìṣáájú. Mo rò pé èmi ni n ó rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Èmi ni mo bú sẹ́kún, ọkùnrin onírùngbọ̀n, tí ìyá mi tó sán ní ìbàdí ń na ọwọ́ láti orí àga kí ó lè kàn mí lórí.

Wọ́n sunkún tiwọn lẹ́yìn tí mo jáde. Mo gbọ́ ọ. Màrdíyyàh wọlé lọ dì wọ́n mú. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn náà: kò lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀. Tèmi ló lọ sókè.

Sátidé, 25

Gómìnà pè, wọ́n ń jágbe pé mo ti tú àṣírí. Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ganiyu, o kú ìdúró. Lọ́la lo máa gbé mi lọ sí Ìjàgbó. Mú mọ́tò tí kò gbó." Gómìnà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n ní kí n tún apá kẹtàlá bẹ̀rẹ̀. "Ka ohun tí wọ́n kọ. Bí n kò bá gbọ́ ọ dáadáa, dá a dúró." Mo kà á. Ọ̀rọ̀ kan, mo dá ẹ̀rọ dúró, mo túmọ̀ rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Kòríà kò pọ̀ níbi òkú. Ọmọkùnrin ìyá náà kàn ní, "Ìyá, mo ti jẹun." Ìyẹn nìkan. Èmi ìbá ti kó òwe márùn-ún sí i lẹ́nu.

Alhaja ní, "Tìrẹ dùn jù ú lọ." Wọ́n nu ojú. "Máa ka tiwọn."

Sọ́ńdè, 26

A lọ sí Ìjàgbó. Èmi àti Gómìnà gbé Alhaja pẹ̀lú àga, wọ́n ń bá wa jà lójú ọ̀nà pé a fẹ́ dá wọn nù. Ìyàwó Bàbá Ìjàgbó rí wa lókèèrè, ó káwọ́ lérí. Àwọn méjèèjì di mọ́ ara wọn pẹ́. Lẹ́yìn náà a gbé àga dé ibi sàárè, lẹ́yìn ilé.

Àwọn ọmọ wọn ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kọ nǹkan sí i lórí. Gẹ̀ẹ́sì. Ìbàdí ò jẹ́ kí Alhaja kúnlẹ̀, wọ́n tẹ orí ba lórí àga. Wọ́n ṣàdúrà tán, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka. "Kí ni wọ́n kọ?"

Gómìnà wò mí.

Mo ní, "Alhaji Sàláwù ló sùn síbí. Wọ́n bí wọn ní 1951. Wọ́n kú ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2025. Ọkọ rere, bàbá rere. Ọlọ́run kẹ́ wọn."

Ó wá sí mi lẹ́nu láti fi kún un. Àbúrò àtàtà. Ó ti dé orí ahọ́n mi, Yorùbá rẹ̀ dùn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo gbé e mì.

Alhaja ní, "Wọn ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Mo ní, "Wọn ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn, Alhaja."

Wọ́n fi ọwọ́ pa sìmẹ́ńtì náà, bí ẹni ń nu eruku lára ọmọ. Wọ́n ní, "Kò burú. Sàláwù, èmi alára ti dé."